Bébà, Tépù, Rọ́bà PDMS àbí Ìtẹ̀wé 3D: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀rọ Tíńtín fún Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ohun Alààyè

Ẹnikẹ́ni tí nọ́ọ̀sì bá ti gún ní ìka rí láti yẹ ibà wò lè ti fojú kan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí. Wọn a kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ojú ihò kan lára ike pẹlẹbẹ, wọn a kán oje kan tẹ̀ lé e, nígbà tí ó bá sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà kan tàbí méjì a yọ. Kò sí bátìrì níbẹ̀, kò sí pọ́ǹpù, kò sì sí ẹni tí ó ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ike náà ni ó fà á, gẹ́gẹ́ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo.

Ẹ̀rọ microfluidic ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ìdílé ẹ̀rọ tí ó ń darí omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí oje kẹ́míkà gba inú ọ̀nà tóóró kọjá. Fífẹ̀ ọ̀nà omi bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ máíkírómítà mẹ́wàá, ó sì lè tó ẹgbẹ̀rún kan, èyí tí í ṣe mílímítà kan. Kí ẹ lè fi ojú inú rí i, irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70 máíkírómítà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan kò sì ju 7 tàbí 8 lọ. Nínú irú ẹ̀rọ yìí ni a ti lè ya sẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀ lára òmíràn, ni a ti lè pín oje kan sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkán omi tí ó dọ́gba, ni a sì ti lè tọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ pàdé ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kì í dá sí: kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà láìjẹ́ pé ó ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, owó wọn kò dọ́gba, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kọ́ni kò jọra. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi bí ọ̀nà kan ṣe lókìkí tó yàn án. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹ lè ṣe ẹ̀rọ náà, kí ó bàjẹ́, kí ẹ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ẹ̀rọ kẹwàá ni ó máa ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá sì ń fi oṣù kan ṣe ọ̀kan kò ní í tètè débẹ̀.

Ohun tí kò yí padà, èyí tó wù kí ẹ yàn

Kí a tó fi ohun èlò wéra, ẹ jẹ́ kí a mọ bí omi ṣe ń hùwà níbi tóóró, nítorí pé ìyẹn ni yóò pinnu bóyá ohun èlò kan tó fún iṣẹ́ yín tàbí kò tó.

Lákọ̀ọ́kọ́, omi kì í dàrú níbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí a ń pè ní nọ́ńbà Reynolds, tí ó ń fi agbára ìsáré omi wéra pẹ̀lú kíkì rẹ̀. Nínú páìpù ilé, nígbà tí nọ́ńbà náà bá kọjá nǹkan bí 2000, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Nínú ọ̀nà omi tí ó fẹ̀ ní 100 máíkírómítà, tí omi ń rin mílímítà kan nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà náà jẹ́ 0.1 péré. Nítorí náà, bí ẹ bá da omi pupa àti omi aláwọ̀ búlúù pọ̀ sínú ọ̀nà kan, wọn yóò máa bá ara wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ògiri wà láàárín wọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń dàpọ̀ ni kí èròjà inú wọn máa rá lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Èròjà kékeré tí ó wà nínú omi yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti rá kọjá 100 máíkírómítà. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ mílímítà kan, yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, ó lé ní ọjọ́ kan. Bí ẹ bá sọ ọ̀nà di ìlọ́po méjì, àkókò a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ibi tóóró kiri, kì í ṣe nítorí pé ohun kékeré dára lójú.

Èkejì ni ti gíga ọ̀nà omi, òun ni ó sì máa ń ya àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́nu jù. Bí ẹ bá dín gíga rẹ̀ kù sí ìdajì, ìdènà tí omi yóò bá pàdé a di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ mú ọ̀nà kan tí ó fẹ̀ ní mílímítà kan, tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà méjì, tí ó sì ga ní 100 máíkírómítà; ẹ gbé ìgò omi sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ju ẹ̀rọ náà lọ. Bí a bá yọ ìdènà inú rọ́bà tí ó gbé omi wá kúrò, nǹkan bí 230 máíkírólítà ni yóò ṣàn kọjá ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìkán omi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ wá dín gíga ọ̀nà náà kù sí 50 máíkírómítà láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kò ní í ju nǹkan bí 30 lọ, kò tó ìkán omi kan. Ẹni tí ó bá ti kọ́ òfin Ohm nípa iná mànàmáná yóò rí i pé ìṣirò kan náà ni: ipá ìtì dúró fún fóltéèjì, ìṣàn omi dúró fún kọ́rẹ́ǹtì, ọ̀nà tóóró sì jẹ́ ìdènà. Àpẹẹrẹ yìí tún fi hàn pé kò pọn dandan kí ẹ ra pọ́ǹpù olówó ńlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́; orí pẹpẹ ìwé àti ìgò omi kan tó.

Bébà: ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti wọlé

Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti mọ ọgbọ́n tí ó wà nídìí èyí tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí ó tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í wọ̀ ọ́. Ohun kan náà ni ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ oníbébà ń ṣe, àfi pé ìda ni ó ń lò, ìda náà sì gbọ́dọ̀ wọnú bébà láti ojú dé ẹ̀yìn, nítorí pé omi tí a dí lójú nìkan yóò gba abẹ́ kọjá.

Ẹgbẹ́ George Whitesides ní Yunifásítì Harvard ni ó sọ ẹ̀rọ oníbébà di olókìkí láti 2007, nígbà tí wọ́n fi bébà kékeré kan wá ṣúgà àti purotéènì nínú ìtọ̀ àtọwọ́dá. Ní 2009, wọ́n fi hàn pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń lo ìda dípò yíǹkì lè tẹ ògiri náà sára bébà, tí a óò sì gbé bébà lé orí irin gbígbóná ní nǹkan bí 150 ní ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú méjì kí ìda lè yọ́ wọlé. Xerox tí ó ṣe irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ lè fi àbẹ́là tàbí kíréyọ̀n fa ìlà, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ti irin tí a tẹ̀ bí èdìdì bọ inú ìda gbígbóná, kí ẹ sì fi tẹ bébà. Ẹ tilẹ̀ lè gé bébà náà sí ìrísí tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi tépù bò ó, láìlo ìda rárá.

Àṣìṣe tí olúkúlùkù ń ṣe níhìn-ín ni pé ó máa ń ya ọ̀nà omi ní ìwọ̀n tí ó fẹ́ kí ó jẹ́. Ìda tí ó yọ́ kì í wọ ìsàlẹ̀ nìkan, ó ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ yà ní mílímítà kan lè kù díẹ̀ kí ó dí pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìlà mẹ́wàá tí fífẹ̀ wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ yọ́ wọn, kí ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ rí ṣe àtúnṣe sí àwòrán yín. Pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onída pàápàá, ọ̀nà tí ó dín sí nǹkan bí ìdajì mílímítà ṣòro.

Àkókò tí omi fi ń rin inú bébà kì í lọ ní déédéé. Bí omi bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá rin sẹ̀ǹtímítà kan nínú bébà, yóò fi ogójì rin méjì, yóò sì fi 160 rin mẹ́rin. Ẹ fi ti ojú ọjọ́ kún un: ní ìgbà ọyẹ́, omi lè gbẹ mọ́ ojú bébà kí ó tó dé ibi tí kẹ́míkà ń dúró dè é, ẹ̀rọ kan náà yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù keje. Tépù tí ó mọ́ gaara tí a lẹ̀ mọ́ ojú àti ẹ̀yìn bébà ń dín èyí kù púpọ̀.

Kí ni bébà lè ṣe fún ìlera wa? Ọ̀kan tí ó kàn wá gan-an ni ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn olùwádìí ti fi hàn pé bí a bá po ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ oje tí ó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ń gba ọ́ksíjìn lọ́wọ́ hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́ksíjìn), tí a sì kán an sí bébà, hemoglobin S, irú rẹ̀ tí ó ń fa àrùn náà, kò ní í yòrò, yóò há sí àárín, nígbà tí èyí tí ó dára yóò máa tàn lọ sí ẹ̀yìn òde. Àbàwọ́n pupa tí ó ki ní àárín, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì funfun, sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀nà omi kankan tí a yà sára bébà náà. Ìrísí àbàwọ́n ni èsì.

Àléébù bébà ni pé kò ṣeé wò kọjá. Ẹni tí ó fẹ́ fi máíkírósíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì bí ó ti ń rìn, tàbí tí ó fẹ́ kí omi dúró, kí ó sì tún padà, kí ó má lo bébà.

Tépù àti pẹ́sípẹ́ẹ̀sì: èyí tí mo fẹ́ràn jù fún olùbẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ sí òpópónà èyíkéyìí tí wọ́n ti ń kọ orúkọ sára mọ́tò tàbí tí wọ́n ti ń ṣe pátákó ìpolówó, ẹ óò bá ẹ̀rọ tí ń gé sítíkà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ óò sì bá ẹ̀rọ lésà tí ń gé pẹ́sípẹ́ẹ̀sì, ike líle tí ó mọ́ bíi gíláàsì. Àwọn méjèèjì lè ṣe ẹ̀rọ microfluidic. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń gé sítíkà lè gé ọ̀nà omi tí ó tẹ́ni lọ́rùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí kẹ́míkà, láìsí yàrá tí a ti lé eruku kúrò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A gé ìrísí ọ̀nà omi gba inú tépù olójú méjì kọjá, a lẹ ojú kan mọ́ gíláàsì máíkírósíkóòpù, a sì lẹ ojú kejì mọ́ pẹ́sípẹ́ẹ̀sì tí a ti lu ihò ìwọlé àti ihò ìjáde sí. Nínípọn tépù ni gíga ọ̀nà omi, kò sì sí ohun tí ó tún rọrùn láti ṣàkóso tó èyí: bí tépù yín bá nípọn ní 100 máíkírómítà, gíga ọ̀nà yín jẹ́ 100, bí ẹ bá fi awẹ́ méjì lé ara wọn, ó di 200. Ẹ rántí ìṣirò ìlọ́po mẹ́jọ tí a ṣe lókè. Ẹ̀kọ́ yẹn, tí ìwé fi ojú ewé mẹ́wàá ṣàlàyé, ẹ lè fi ojú ara yín rí i ní ọ̀sán kan pẹ̀lú awẹ́ tépù méjì àti àwọ̀ tí a fi ń ṣe kéèkì.

Fífẹ̀ ni ó ń dí ọ̀nà yìí lọ́wọ́. Abẹ ẹ̀rọ tí kò wọ́n kì í sábà gé ọ̀nà tí ó dín sí nǹkan bí 200 máíkírómítà láìfa etí rẹ̀ ya, ìtànṣán lésà fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù tépù tún lè tú èròjà sínú oje, kí ó sì pa sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ tọ́ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta; fún àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu.

Nǹkan méjì ni kí ẹ bá onílésà sọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí ó má fi lésà gé sítíkà PVC (irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sítíkà) láéláé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ní ásíìdì tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí ó sì ń jẹ irin inú ẹ̀rọ rẹ̀. Abẹ ni kí a fi gé ìyẹn. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má fi sípíríìtì nu pẹ́sípẹ́ẹ̀sì tí lésà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ooru lésà ti fa ìnira sínú rẹ̀, bí ọtí bá kàn án, yóò sán wẹ́wẹ́ lójú yín. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ lò.

Rọ́bà PDMS: ọ̀nà tí ilé ìwádìí ń gbà

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìwádìí èyíkéyìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, PDMS ni ẹ óò máa rí. Rọ́bà sílíkónì ni, ó mọ́ bíi gíláàsì, ó sì ń ṣe bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń ṣe nínú agolo: ìrísí ohun tí a bá dà á sí ni yóò gbé jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó lè gbé ìrísí ohun tí kò tó máíkírómítà kan jáde láìfọ́. Ní 1998, ẹgbẹ́ Whitesides kan náà fi hàn bí a ṣe lè lò ó láti gbé ẹ̀rọ jáde láti orí àwòrán kọ̀ǹpútà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, láti ìgbà náà ni ó sì ti gba gbogbo ayé kan.

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì, owó wọn kò sì sí lójú kan náà. Apá àkọ́kọ́ ni mọ́ọ̀dù. A ó da oje kan tí a ń pè ní SU-8 sórí awẹ́ sílíkọ́nì (ohun líle tí a fi ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, kì í ṣe rọ́bà sílíkónì), a ó yí i bírí kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó yan án, a ó fi ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tàn án gba inú àwòrán kọjá, a ó tún un yan, a ó sì fọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé kúrò. Yàrá tí eruku rẹ̀ kéré gan-an, tí iná rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ òféèfèé, ni a ti ń ṣe èyí. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ẹ ń yan SU-8, ó ṣeé ṣe kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Apá kejì ni dídà, òun sì rọrùn. Ìwọ̀n mẹ́wàá oje PDMS sí ẹyọ kan oje tí ń mú un dì, ni ẹni tí ó bá ra Sylgard 184, orúkọ ọjà PDMS kan, yóò rò pọ̀. A ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó dà á sórí mọ́ọ̀dù, a ó sì gbé e sínú ààrò tí kò gbóná ju nǹkan bí 80 ní ìwọ̀n Celsius lọ. Iná tí ó lọ kò lè ba apá yìí jẹ́, nítorí pé rọ́bà náà yóò dì fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì bí ó bá wà ní inú yàrá lásán. Lẹ́yìn náà a ó bó o, a ó lu ihò sí i, a ó sì fi plasma ọ́ksíjìn (gáàsì ọ́ksíjìn tí iná mànàmáná mú tàn, kì í ṣe plasma inú ẹ̀jẹ̀) tàn án kí ó lè lẹ̀ mọ́ gíláàsì títí láé. Mọ́ọ̀dù kan lè gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jáde, nítorí náà ẹni tí kò ní yàrá SU-8 lè san owó kí ilé iṣẹ́ kan ṣe mọ́ọ̀dù fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa da tirẹ̀ nílé.

Àwọn ohun tí PDMS lè ṣe tí àwọn yòókù kò lè ṣe kò kéré. Ó rọ̀, nítorí náà ní 2000, ẹgbẹ́ Stephen Quake fi awẹ́ rẹ̀ lé ara wọn ṣe fáàfù tíńtín: afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ sínú ọ̀nà òkè ń tẹ ọ̀nà ìsàlẹ̀ pa, omi a sì dúró. Ó ń jẹ́ kí ọ́ksíjìn gba ara rẹ̀ kọjá, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì lè mí nínú rẹ̀. Ní 2010, Dan Huh àti Donald Ingber ní Harvard fi awọ PDMS tí ó nípọn ní 10 máíkírómítà, tí ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró kúrò lára sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń fa awọ náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń mí.

Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ń jẹ́ kí omi gbẹ pẹ̀lú, ó sì máa ń mu àwọn èròjà kékeré tí kò fẹ́ràn omi sínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn jẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye oògùn tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì lè wọn ìwọ̀n kan sínú, kí sẹ́ẹ̀lì sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ògiri ti mu ìyókù. Plasma tí ó jẹ́ kí omi fẹ́ràn ojú rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Láàárín wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan, ojú rọ́bà náà a tún padà sí bí ó ti wà.

Ìtẹ̀wé 3D

Èyí ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, òun sì ni mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ jù lé lórí. Ẹ̀rọ tí ń yọ́ okùn ike gba ẹnu tí ó fẹ̀ ní 0.4 mílímítà kò lè ṣe ọ̀nà omi tíńtín, ohun tí ó bá sì ṣe sábà máa ń jò láàárín ìlà àti ìlà. Èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ mú resin, oje tí ó ń di ike líle, dì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń polówó rẹ̀ pé ẹ̀yọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju 35 tàbí 50 máíkírómítà lọ. Ìpolówó náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kò parí ọ̀rọ̀: ihò tí a bò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ kò jọ ìlà tí ó wà lójú, resin tí kò dì a há sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ awẹ́ tí ó tẹ̀ lé e a sì mú un dì síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Yunifásítì Brigham Young tẹ ọ̀nà tí ó jẹ́ 18 sí 20 máíkírómítà ní 2017, àmọ́ ẹ̀rọ àti resin tí wọ́n ṣe fúnra wọn ni wọ́n lò. Èyí tí ẹ rà lọ́jà yóò fún yín ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ resin ọjà sì ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí ìtẹ̀wé 3D ti wúlò gan-an ni ìta ẹ̀rọ: ohun tí ó ń di ẹ̀rọ mú lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ojú ibi tí rọ́bà omi ń wọlé, pẹpẹ tí fóònù yóò dúró lé lórí láti ya àwòrán àwọ̀ bébà. Ẹ tún lè fi tẹ mọ́ọ̀dù tí ẹ óò da PDMS sí, bí ẹ bá rántí pé resin tí a kò fọ̀ dáadáa, tí a kò sì tún tàn sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀wé, kì í jẹ́ kí PDMS dì. Ojú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin.

Ti gíláàsì àti sílíkọ́nì ńkọ́? Níbẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: ní 1979, àwọn ará Stanford fi awẹ́ sílíkọ́nì ṣe odindi ẹ̀rọ tí ń ya gáàsì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ásíìdì tí a fi ń gbẹ́ gíláàsì ń wọ ara lọ sí egungun, ó sì lè pa ènìyàn. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ta ni yóò mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà tàbí ti ìlera, tí ohun tí ó fẹ́ kò ju pé kí àwọ̀ yí padà níwájú aláìsàn, kí ó mú bébà, kí ó sì lo agbára rẹ̀ lórí kẹ́míkà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ẹni tí ó jẹ́ ẹnjiníà, tí ó fẹ́ mọ bí omi ṣe ń ṣàn, kí ó mú tépù. Ẹni tí ó ń múra láti lọ ṣe oyè gíga ní ilé ìwádìí kan, ì báà jẹ́ nílé tàbí ní òkè òkun, yóò pàdé PDMS dandan, ó sì yẹ kí ó ti da díẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀rọ tépù márùn-ún tí ó ṣe fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò àti ìwọ̀n tí ó bá ìṣirò mu, yóò sọ̀rọ̀ fún un ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Ẹni tí ó ní lọ́kàn láti tà á lọ́jà gbọ́dọ̀ ronú sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kì í sábà fi PDMS ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ. Ike gbígbóná ni wọ́n ń fún sínú mọ́ọ̀dù irin, mọ́ọ̀dù irin náà sì wọ́n, ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ kí ike lè jáde. Ohun tí ó bá sinmi lé rírọ̀ PDMS tàbí lé afẹ́fẹ́ tí ń gba ara rẹ̀ kọjá kò ní í ṣeé gbé lọ síbẹ̀. Pẹ́sípẹ́ẹ̀sì sún mọ́ ike ilé iṣẹ́ jù, bébà sì ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí àyẹ̀wò oyún tí ń fi ìlà hàn ti wà.

Ní ti ẹ̀kọ́, EPFL, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Switzerland, ti gbé kọ́ọ̀sì kan jáde lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, nípa bí a ṣe ń ṣe ohun tíńtín nínú yàrá aláìleruku. Ó dára fún ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ PDMS àti sílíkọ́nì, kò fi bẹ́ẹ̀ ran oníbébà lọ́wọ́. Ní ti sọ́fúwíà tí a fi ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, Inkscape tó fún bébà àti tépù, KLayout ni kí ẹ fi ya àwòrán SU-8, FreeCAD sì tó fún ìtẹ̀wé 3D. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. COMSOL tí àwọn ilé ìwádìí ń lò fún ìṣirò ìṣàn omi wọ́n gan-an, OpenFOAM jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n ó le kọ́. Èmi kò ní í fi ọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì kí n tó fi bírò àti ìwé ṣe ìṣirò ìdènà ọ̀nà kan fúnra mi.

Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ nílé. Omi aláwọ̀, mílíìkì àti ìwúkàrà búrẹ́dì tó. Sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà tóbi tó nǹkan bí 5 máíkírómítà, ó sún mọ́ ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kò sì ní àrùn lára.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ kúrò lórí tépù yóò fara hàn fúnra rẹ̀. Ẹ óò ṣe ẹ̀rọ kan tí ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ óò sì rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù pé ọ̀nà yín fẹ̀ ní 200 máíkírómítà, pé ogójì sẹ́ẹ̀lì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, àti pé etí tí abẹ gé rí gánnagànna, sẹ́ẹ̀lì sì ń há sínú gbogbo gánnagànna náà. Lọ́jọ́ náà, ẹ ti mọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ ti mọ gíga tí omi lè gbà, ẹ sì lè kọ wọ́n sínú lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tí yóò bá yín ṣe mọ́ọ̀dù SU-8: fífẹ̀ 10 máíkírómítà, gíga 10 máíkírómítà, gígùn kò gbọdọ̀ ju mílímítà kan lọ kí ipá ìtì má baà pọ̀ jù.